"O" ni àbí "Ẹ"? Bí mo ṣe ń kọ fánfíìkì ní Yorùbá láti Kétu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú o, "o" ni mo máa fi bá yín sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀. Tí mo bá ń kọ "ẹ", ṣe ló máa dà bíi pé ogún èèyàn ni mo kó jọ sí kíláàsì kan, bẹ́ẹ̀ ìwọ nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú fóònù tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ kú. Mo tètè wí i torí pé ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" yìí náà ni mo bá wá lónìí, ìyókù kàn jẹ́ bá a ṣe máa débẹ̀ ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní Kétu wa ní Benin níbí, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, Faransé ni gbogbo séríì tá à ń wò, Faransé náà ni mo fi kọ fánfíìkì mi àkọ́kọ́, ìyẹn ìtàn tèmi lórí àwọn èèyàn inú séríì kan, inú ìwé kàyé tí mo fi ń ṣe ìṣirò, lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC. Ó lọ dáadáa, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pín in kà lábẹ́ tábìlì. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni mo wá ní kí n kọ ọ̀kan ní Yorùbá fún àbúrò mi kan tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo kàn mú ti Faransé yẹn, mo ń yí i padà gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíì, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Dàdá, ọmọ yìí mà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ o, kí ló dé tó ń pe ọ̀gá ẹ̀ ní 'o'?" Ọmọ tí mo fẹ́ kó nífẹ̀ẹ́ sí ni o! Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni nínú séríì yẹn. Àmọ́ "tu", ìyẹn "o" ti Faransé, ló máa ń sọ fún ọ̀gá ẹ̀, èmi náà sì lọ kọ "o", ojú ìwé kan péré, mo ti ba ìwà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, fánfíìkì ni kó o mú àwọn èèyàn inú ìtàn tí ẹlòmíì ti sọ, séríì ni o, mángà (ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan) ni o, kó o wá kọ ìtàn tìẹ lé e: ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí fíìmù parí, ohun tí wọn ò fi hàn wá, tàbí bó ṣe máa rí ká ní ọ̀tá méjì yẹn di ọ̀rẹ́. Má sì jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún ẹ pé nǹkan àjèjì ni. Ta ni ò gbọ́ àlọ́ Ìjàpá rí? Yánníbo tí ìyá bàbá mi máa ń sọ, onísùúrù ni, ti ìyá ìyá mi á na Ìjàpá ní orógùn. Àlọ́ kan náà, ẹnu méjì. Torí náà mi ò ní lo séríì kankan níbí, Ìjàpá àti Ajá ni mo máa lò, gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa bá mi jà pé mo ba séríì òun jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: wá ihò tó wà nínú ìtàn

Padà lọ wo ìtàn náà, má gbára lé ohun tó o rò pé o rántí. Ti wa rèé: ìyàn mú, Ajá mọ oko kan tó ti máa ń wa iṣu, ìwọ̀n tó bá lè gbé ló máa ń mú. Ìjàpá bẹ̀ ẹ́ títí kó mú òun dání. Wọ́n débẹ̀, Ajá wa tiẹ̀, ó ní ó tó, Ìjàpá ń wa iṣu lọ ni, ẹrù wá pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, ló bá ń kígbe pé kí Ajá wá ran òun lẹ́rù, tí ò bá ràn òun, òun á ké pe olóko. Ajá sá. Wọ́n mú Ìjàpá, ó ní Ajá ló mú òun wá. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ajá, ó ti fi ẹyin tútù sẹ́nu, ó sùn ti iná, ó ń gbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè ló fọ́ ẹyin sẹ́nu, ó ń dà jáde bí èébì, wọ́n ní ta ló máa gbà pé èyí lọ sóko lánàá. Ìjàpá nìkan ló jẹ ìyà náà.

Àlọ́ parí síbẹ̀. Ohun tó wà nínú ìtàn gan-an, tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹ̀, làwọn tó ń kọ fánfíìkì ń pè ní canon. Wá pín ojú ìwé kàyé ẹ sí méjì, kọ canon sápá kan, kó o kọ ohun tó ò ń rò lọ́kàn ẹ sápá kejì, kí wọ́n má dàpọ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń búra pé ọmọkùnrin kan nínú séríì kan ò lè sùn lóru, ó ti bá èèyàn mẹ́ta jà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, inú fánfíìkì ẹlòmíì ló ti kà á.

Ihò tó wà nínú àlọ́ yìí pọ̀. Ajá mọ irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́, kí ló dé tó fi mú un dání? Ṣé wọ́n tún pàdé? Ta ló kọ́kọ́ kí ẹnì kejì? Mú ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo o, ẹni tó bá fẹ́ dí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, orí kẹta ló máa ń já a jù sílẹ̀, mo mọ̀ torí mo ní mẹ́rin tí mo já jù sílẹ̀ nínú fóònù mi.

Ìgbésẹ̀ 2: fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oríkì kó o tó so wọ́n pọ̀

Àwọn tó ń fẹ́ kí èèyàn méjì nínú ìtàn fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ṣe ṣíìpù nìyẹn. Ohun tó máa ń ba ṣíìpù jẹ́ ni pé òǹkọ̀wé ti ń sáré débi ìfẹ́, kò dúró mọ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí ló ń wá, kí ló ń bẹ̀rù, irọ́ wo ló máa ń pa fún ara ẹ̀? Ìkẹta yẹn ló lágbára jù. Ajá nínú tèmi máa ń sọ fún ara ẹ̀ pé òun ò nílò ẹnikẹ́ni, òun mọ ìwọ̀n ara òun, iṣu mẹ́ta, ó tán. Irọ́ ni. Ó mú Ìjàpá lọ sóko torí pé ọ̀nà oko jìn, ó dẹ̀ ti sú u láti máa dá rìn ín.

Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń kọ oríkì bíi gbólóhùn márùn-ún fún un, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ki èèyàn láàárọ̀. Kò ní wọnú ìtàn, tìẹ ni. Oríkì dáa ju kó o máa kọ "ó ga, ó pupa, ó máa ń bínú", torí oríkì gidi kì í fi àléébù pa mọ́, inú ìyìn náà ni wọ́n ti ń bú ẹ díẹ̀.

Tó ò bá sì ṣe é, Mary Sue ló máa jáde. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Paula Smith, ló kọ àwàdà kékeré kan ní 1973 láti fi àwọn fánfíìkì séríì Star Trek ìgbà yẹn ṣẹ̀fẹ̀: ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Sue, ọdún 15 àtààbọ̀, ó ti dọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú òfurufú, kò sóhun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo wọn ló fẹ́ràn ẹ̀. Látìgbà náà lorúkọ yẹn ti mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Tèmi náà wà nínú kàyé ìṣirò yẹn, ọmọbìnrin Kétu kan, irun gígùn, ó ń sọ èdè mẹ́fà (má rẹ́rìn-ín). Àwọn kan á ní kó o fún un ní àléébù, wọ́n á wá ní ó máa ń kọsẹ̀. Ìyẹn ò tó. Wá ẹnì kan sínú ìtàn tí kò fẹ́ràn ẹ̀, kí ẹni yẹn sì jàre.

Ìgbésẹ̀ 3: kí ni wọ́n ń pe ara wọn?

Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn, kó o wá kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pe ẹnì kejì síwájú ẹ̀. Orúkọ nìkan kọ́. Ṣé "o" ló ń lò fún un àbí "ẹ"? Tí ẹni yẹn ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́, ṣé "ó ti lọ" ló máa sọ ni àbí "wọ́n ti lọ"? Ṣé orúkọ ló ń pè é, àbí Ẹ̀gbọ́n, àbí Tàntí, àbí Màmá Súlè, àbí ìnagijẹ? Ní Àjàṣẹ́ tí àwa àtàwọn Gùn ti jọ ń gbé tipẹ́, ọmọ Yorùbá náà á máa pe Fòfó fún ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, á máa pe Dàdá fún ẹ̀gbọ́n obìnrin, torí ẹ̀ ni àbúrò mi ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tó o bá gbé ìtàn sí àdúgbò Wàńdò níbẹ̀ tó ò ní Fòfó kan ṣoṣo nínú ẹ̀, ẹni tó ń gbébẹ̀ á ti fura sí ẹ kó tó dé ojú ìwé kejì.

Tó o bá ti kọ ọ́ tán, wá bi ara ẹ léèrè ibi tó ti máa yí padà, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ìfẹ́ wà. Èèyàn méjì tó ti ń sọ "ẹ" síra wọn láti orí kìíní, tí ọ̀kan wá ṣi ẹnu sọ "o" ní orí kẹfà, tó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀, tí kò dẹ̀ tún un ṣe, sọ fún mi, ìfẹnukonu wo ló tó ìyẹn? Òdì kejì ẹ̀ náà wà, kódà mo fẹ́ràn ẹ̀ jù: ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ti ń bára wọn ṣeré lọ́dún mẹ́wàá, wọ́n jà, ọkọ wọlé lálẹ́, ìyàwó ní "ẹ káàbọ̀, oúnjẹ yín wà lórí tábìlì". Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin yẹn ò ní lè gbé òkèlè yẹn mì.

Ohun tí Faransé ò ní rárá ni "wọ́n" tá a fi ń sọ̀rọ̀ àgbà tí kò sí níjokòó. Fi ṣeré! Ọmọ iṣẹ́ kan lè máa sọ fún gbogbo èèyàn pé "ọ̀gá ní wọ́n ń bọ̀, wọ́n ní ká dúró", kó wá jẹ́ pé tó bá ku òun nìkan, nínú ọkàn ẹ̀, "ó" ló ń rò, ṣé ó ti jẹun, ṣé òjò ò pa á lọ́nà. Ìwọ ò ní láti kọ pé ó nífẹ̀ẹ́ ọ̀gá ẹ̀. Òǹkàwé ti gbọ́ "ó".

Ìnagijẹ tún wà. Àwọn ìyàwó ilé wa àtijọ́ kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, kódà kó kéré bí ọmọ ọdún méjì, ìyàwó tó bá a nílé á fún un lórúkọ tiẹ̀: Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Òpéléńgé. Wo bó ṣe dùn tó fún ìtàn. Ẹni tó fún ẹ lórúkọ ti jókòó wò ẹ́. Tó o bá ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣe bíi pé òun ò rí tẹ́nì kan rò, jẹ́ kó ti fún un ní ìnagijẹ láti orí kejì, kí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n àyàfi ẹni tó ni ín.

Séríì láti Japan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ nípa ẹ̀, gbọ́ èyí dáadáa: tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi Faransé sọ lo wò, wọ́n ti yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Àwọn ará Japan máa ń fi -san, -kun, -chan, -senpai sẹ́yìn orúkọ, ọjọ́ tẹ́nì kan bá yọ -san kúrò lẹ́yìn orúkọ ẹnì kejì, nǹkan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wá ti èdè wọn gan-an tó ní àkọlé nísàlẹ̀, kó o máa tẹ́tí. Á ràn ẹ́ lọ́wọ́ láti mọ ẹni tí wàá fún ní "ẹ". Ọ̀rọ̀ "tu" àti "vous" ("ẹ" ti Faransé) nìkan máa tàn ẹ́ jẹ bó ṣe tàn mí.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní pa mọ́. Ọkùnrin "ó", obìnrin "ó", ajá "ó". Tí èèyàn méjì bá wà nínú yàrá kan, "ó gbá a mú, ó ní kó má lọ", ta ló gbá ta mú? Má bẹ̀rù àtitún orúkọ pè, kò burú ní Yorùbá bó ṣe burú ní Faransé. Lo ipò: àgbà, ìyá ọmọ, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Tàbí fún ọ̀kan nínú wọn ní nǹkan lọ́wọ́, fìtílà, ìgò epo kpayo, ohunkóhun, kí òǹkàwé fi máa dá a mọ̀. Àmọ́ àǹfààní ẹ̀ náà rèé: o lè kọ lẹ́tà ìfẹ́ tó gùn tó ojú ìwé mẹ́wàá kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ bóyá ọkùnrin ló kọ ọ́ àbí obìnrin, àfi ìgbà tó bá wù ẹ́. Ẹni tó ń kọ Faransé ò rí irú ẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjectif) á tú u fó.

Ìgbésẹ̀ 4: ìran kan, kó o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Ìran tó wà lọ́kàn ẹ jù ni kó o kọ́kọ́ kọ. Tèmi ni ọjọ́ tí Ajá àti Ìjàpá tún pàdé. Bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́ nìyí, ojú ń tì mí:

"Ìjàpá wo Ajá. Ọkàn ẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó rántí gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. 'Mo ti pàdánù rẹ,' ló sọ pẹ̀lú omijé lójú."

Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? "Mo ti pàdánù rẹ," ṣé Ajá ti kú ni? Níbí, èèyàn á ní àárò ẹ ń sọ òun, tó bá jẹ́ agídí, á ní "ó mà pẹ́ o", á wá wo ibòmíì. "Ọkàn ẹ̀ bàjẹ́" náà ò ṣe nǹkan kan fún mi, ó kàn sọ fún mi ni. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ lọ́jọ́ kejì:

Ọjọ́ ọjà ni. Ajá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá alákàrà, ó kẹ́yìn sọ́nà.
"Ẹ kú ọjà o."
Èèyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìyá alákàrà ni wọ́n ń kí. Àmọ́ kò sẹ́lòmíì ní Kétu tó máa ń fa "o" yẹn gùn tó bẹ́ẹ̀.
"Ẹ kú ọjà," ni Ajá wí. Kò yíjú.
Ìjàpá dákẹ́ díẹ̀. "Ó ti wá di 'ẹ'."
"Kí ló di 'ẹ'?"
"Èmi àti ìwọ."
Ọmọ kan gbé ẹyin sísè kọjá, ata wà nínú ike kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá alákàrà ní, "Ajá, ṣé kí n bá ẹ dá a dúró?"
"Mi ò jẹ ẹyin mọ́, màmá."
"Látìgbà wo?" Ìjàpá ló béèrè.
Ajá ò dáhùn. Ó ya àkàrà tó kẹ́yìn sí méjì, ó gbé ìdajì kan sórí bẹ́ǹṣì, sápá ibi tí ẹnì kankan ò jókòó sí.

Mo fi ẹyin yẹn yangàn díẹ̀, jẹ́ n yangàn. Inú canon ni mo ti mú un, mi ò dá nǹkan kan sílẹ̀, mo kàn béèrè pé báwo ni ẹyin ṣe máa rí lẹ́nu ẹni tó ti fi ẹyin pa irú irọ́ yẹn. Kò sí "ìfẹ́" níbẹ̀, kò sí "dárí jì mí". Ohun tí mò ń wá nínú ìran èyíkéyìí ni nǹkan kan tí àwọn méjì yẹn mọ̀ tí ẹnì kẹta tó wà níbẹ̀ ò mọ̀. Ìyá alákàrà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn o, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Tó o bá ń wá ibi tó o ti máa kọ́ ọ, lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, aṣọ kan náà, igi orí tó jọra, ìlù kan náà ń darí ẹsẹ̀ wọn. UNESCO ti kéde ẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2001, àwa tá a ti ń wò ó láti kékeré la ò kọbi ara sí i. Nígbà míì ọ̀kan á fi ìwọ̀nba díẹ̀ ṣáájú, èkejì á bá a, ojú gbogbo èèyàn á wá wà lórí ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn. Kọ àwọn èèyàn ẹ báyẹn. Tí wọ́n bá ń ṣe ohun kan náà pọ̀, sùúrù òǹkàwé á gùn, wọ́n lè jọ máa ṣa ẹ̀wà lásán fún odindi orí kan.

Ìgbésẹ̀ 5: tó o bá fẹ́ gbé wọn wá sílé

Èyí wọ́pọ̀, kó o mú àwọn èèyàn inú séríì kó o gbé wọn wá sí Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́. AU ni wọ́n ń pè é. Ó dáa, àmọ́ má kàn fi Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè Kétu, sẹ́yìn wọn bíi fọ́tò. Àyè ìlú gbọ́dọ̀ fi nǹkan hàn nípa àwọn méjèèjì: tí wọ́n bá jọ gun zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa, ta ló jókòó sáàárín, ta ló san owó? Ṣé ó san án kí ẹnì kejì tó mọwọ́ sápò ni, àbí wọ́n jọ ń ṣírò owó sẹ́fà títí zẹ́mì fi bínú? Owó zẹ́mì nìkan, mo lè fi kọ orí kan.

Tó bá jẹ́ ayé àtijọ́ lo fẹ́ lọ, ẹ̀sọ̀. Ní 1886 àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n kó èèyàn lọ. Mo ti ka èyí tẹ́nì kan fi ìlú tó ń jó ṣe ẹ̀ṣọ́ sẹ́yìn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó ń wo ojú ara wọn, mo pa fóònù mi dé. Àwọn tí wọ́n kó lọ yẹn, ọmọ-ọmọ wọn wà lórí WhatsApp lónìí. Òrìṣà náà, èmi kì í ṣe ṣíìpù wọn, ilé tí wọ́n ti ń bọ wọ́n ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ìwọ lè ní ìdí tìẹ, mi ò bá ẹ jà.

Ìgbésẹ̀ 6: kà á sókè

Yára gba ibí. Fi ohùn ara ẹ gbà á sórí fóònù, kó o gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì nígbà tó ò ń fọ abọ́. Ibi tí ahọ́n ẹ bá ti kọ́, Faransé ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn, tó ò bá lè fi gbogbo ẹ̀ sí, ó kéré tán fi sí ibi tó lè da nǹkan rú, ọkọ àti ọkọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà, ìran ìfẹ́ ò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ oko. Tó bá jẹ́ ɛ àti ɔ tí wọ́n ń kọ́ni lọ́dọ̀ wa lo mọ̀, lo ìyẹn, ẹ̀ àti ọ̀ tàwọn ará Nàìjíríà náà dáa, ṣá má lo méjèèjì nínú gbólóhùn kan.

Ìgbésẹ̀ 7: gbé e síta

Wattpad rọrùn lórí fóònù, tó o bá jẹ́ kí orí kọ̀ọ̀kan kúrú àwọn èèyàn á kà á nínú ọkọ̀. AO3 (Archive of Our Own) ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń kọ fánfíìkì fúnra wọn ló dá a sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kò sí ìpolówó níbẹ̀, ó tiẹ̀ gba Hugo ní 2019, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Wàá fi ímeèlì ẹ sílẹ̀, wàá dúró kí wọ́n fi ìpè ránṣẹ́ kó o tó lè ní àkáǹtì. Ohun tó wúlò jù fún àwa tí fọ́fẹ̀ (dátà) ń tán lójijì ni pé o lè wa ìtàn kan sílẹ̀ ní EPUB tàbí PDF níbi tí Wi-Fi wà, kó o lọ kà á nílé láìsí nẹ́ẹ̀tì.

Táàgì, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú ìtàn, ni kó o fara balẹ̀ ṣe. Níbẹ̀, tó o bá fi "/" sáàárín orúkọ méjì, ìfẹ́ tàbí ìbálòpọ̀ ló wà láàárín wọn, tó bá jẹ́ "&", ọ̀rẹ́, ẹbí, alájọṣe ni. Àmì "/" yẹn ti pẹ́, ọwọ́ àwọn olùfẹ́ Star Trek ló ti wá, àwọn tó ń kọ Kirk/Spock, ọkùnrin méjì inú séríì yẹn, sínú ìwé kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ fúnra wọn, kò tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ronú lórí Ajá àti Ìjàpá mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó mọ èyí tí mo máa fi sí i. "&" ni mo fi sí i. Àwọn tó ń kà á ò gbà fún mi.

Yan ìpele ọjọ́ orí tó bá a mu, kọ ìkìlọ̀ sí i tí ìwà ipá tàbí ikú bá wà nínú ẹ̀, kẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò má lọ já lu ìsìnkú láìròtẹ́lẹ̀. Èèyàn tí kò tíì pé ọdún 18, má kọ ìbálòpọ̀ nípa ẹ̀, ìyẹn ò sí lórí àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi. Aládùúgbò ẹ náà, fi sílẹ̀, kódà tó o bá yí orúkọ ẹ̀ padà, ìyá ẹ̀ á mọ̀. Má sì béèrè owó lórí AO3, wọn ò gbà á, èèyàn inú ìtàn ẹlòmíì lo yá.

Ìjà ṣíìpù á wáyé. Ẹnì kan á sọ pé Ìjàpá ò yẹ Ajá, pé Yánníbo wà nílé. Òótọ́ ló sọ! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó kọ ti Yánníbo kí n wá kà á. Ó ti kọ ọ́ báyìí, ó dáa ju tèmi lọ níbì kan, níbi tí Yánníbo ti ń ka iye iṣu tó wọlé, tí kò béèrè ibi tó ti wá.

Mo fi ìran àkàrà yẹn ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Àjàṣẹ́ kí n tó gbé e síta. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ kó tó dáhùn. Nígbà tó máa dáhùn, ohùn ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni: "Dàdá, ṣé ó jókòó?" Mi ò tíì fún un lésì. Orí kejì wà níwájú mi báyìí, àkàrà ti ń tutù lórí bẹ́ǹṣì, Ìjàpá ṣì wà lórí ìdúró.